elBulli ti Roses: ṣé ó ṣì ń ta oúnjẹ, báwo sì ni wọ́n ṣe ń ṣe ólífì olómi yẹn?

Àdùkẹ́_Ìdáná
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Àwòrán kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp: ilé funfun kan létí òkun, igi yí i ká, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé «elBulli, Roses, Sípéènì: ẹ gba àyè yín sílẹ̀ fún ọdún yìí». Àwọn kan ti ń bèèrè ibi tí wọ́n máa sanwó sí. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ṣé ilé oúnjẹ Ferran Adrià, alásè ará Sípéènì yẹn, ṣì ń ta oúnjẹ? Èkejì, ólífì olómi tó sọ wọ́n di olókìkí, èyí tó jọ ólífì gidi lójú ṣùgbọ́n tó máa bẹ́ lẹ́nu tí á di omi: kí ni wọ́n fi ń ṣe é, gíráàmù mélòó, kí ló sì máa ń bà á jẹ́? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ kọ iye sílẹ̀. «Ẹ fi díẹ̀ sí i» ò lè ràn wá lọ́wọ́ níbi táa dé yìí.

Alásè_Peckham
Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni. Jìbìtì ni. Ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2011 ni elBulli gbé oúnjẹ alẹ́ ìkẹyìn jáde, wọn ò sì tún ta oúnjẹ níbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ilé tó wà nínú àwòrán yẹn ṣì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n elBulli1846 lorúkọ rẹ̀ báyìí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni, oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n ṣí i fún aráyé. Ìwé ìwọlé lẹ máa rà níbẹ̀, ẹ máa wo yàrá ìdáná, àwo, ìwé àkọsílẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ronú oúnjẹ. Abọ́ ọbẹ̀ kan ò sí níbẹ̀ tí ẹ máa jẹ.

1846 yẹn ní ìtumọ̀ méjì. Iye oúnjẹ tí wọ́n kọ sínú àkọsílẹ̀ wọn títí wọ́n fi tìlẹ̀kùn ni, ó sì tún jẹ́ ọdún tí wọ́n bí Escoffier, baba àwọn alásè ilẹ̀ Faransé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni: oúnjẹ tó gbẹ̀yìn, ẹlẹ́ẹ̀kẹrìndínláàádọ́ta lé ní ẹgbẹ̀sán, Peach Melba ti Escoffier ni wọ́n tún ṣe lọ́nà tiwọn.

Kòkò_Irin
Ẹ̀gbọ́n Peckham, ẹ ṣeun. Ṣé Roses náà ni ilé yẹn wà ni àbí ibòmíì? Máàpù ń gbé mi lọ sínú igbó.

Alásè_Peckham
Máàpù ò purọ́. Cala Montjoi ni orúkọ ibẹ̀, ọ̀gbun etíkun kékeré kan ni, abẹ́ ìlú Roses ló wà, ṣùgbọ́n ó tó kìlómítà méje sí ìgboro. Ojú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ tóóró, ó ń gun òkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń yí bí ejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, torí inú ọgbà àbò ẹ̀dá ti Cap de Creus ló wà. Ẹni tí ọkọ̀ máa ń kọ̀ lára, kó jókòó síwájú.

Roses fúnra rẹ̀, ìlú ìgbafẹ́ etíkun ni, ní agbègbè Girona ní Kàtálóníà, níbi tí wọ́n ń pè ní Costa Brava. Ìlú apẹja náà ni. Bí ẹ bá ti Barcelona wá, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré máa gbé yín dé Figueres-Vilafant láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, ẹ tún wá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Roses, nǹkan bí ogún kìlómítà. Ẹsẹ̀ náà ṣeé fi rìn láti Roses dé Cala Montjoi, ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GR 92 gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ gbé omi dání o, oòrùn oṣù Kẹjọ níbẹ̀ kì í ṣe eré. Kí ẹ sì ti ra ìwé ìwọlé lórí ìkànnì wọn kí ẹ tó gbéra, kì í ṣe gbogbo oṣù ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn.

Bàbá_Ṣíbí
Ẹ kú àṣàrò, ẹ̀yin ọmọ. Kí a tó kan ólífì, ẹ jẹ́ kí n gbé ìtàn ilé náà kalẹ̀ ní ṣókí, torí ó kan bí wọ́n ṣe rí ólífì náà ṣe.

Ọdún 1961 ni dókítà ará Jámánì kan, Hans Schilling, àti ìyàwó rẹ̀ Marketta ra ilẹ̀ ní Cala Montjoi. Pápá gọ́ọ̀fù kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Orúkọ àwọn ajá búlì tí ìyàwó ń sìn ni wọ́n fi sọ ibẹ̀. Ìràwọ̀ Michelin (àmì ẹ̀yẹ fún ilé oúnjẹ tó dára gan-an) àkọ́kọ́ dé ní 1976, Jean-Louis Neichel ló ń dáná nígbà náà, nítorí náà ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní Ferran ló bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo. Juli Soler dé ní 1981 láti máa bójú tó ilé. Ferran kọ́kọ́ wá lo oṣù kan péré ní 1983, iṣẹ́ ológun ojú omi ló ṣì ń ṣe lọ́wọ́. Ó padà wá ní 1984, nígbà tó di 1987 òun nìkan ni ọ̀gá nídìí ààrò. Òun àti Soler ra ilé náà ní 1990, ìràwọ̀ kẹta sì dé ní 1997.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Etíkun ni Roses. Ìgbà ooru èrò kún, ìgbà òtútù eṣinṣin ló ń jókòó. Láti 1987 ni wọ́n ti ń ti ilé náà pa fún nǹkan bí ìdajì ọdún nítorí pé kò sẹ́ni tó ń wá. Ẹlòmíràn á lọ sùn. Àwọn wọ̀nyí sọ oṣù òfo yẹn di oṣù ìdánwò: wọ́n á gbé nǹkan ka iná, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á dà á nù, wọ́n á tún un ṣe. Ní 2000 wọ́n gba ibi iṣẹ́ kan sí àárín ìlú Barcelona fún ìdánwò yìí nìkan. Inú irú ìdánwò báyìí ni ìfófó, jẹ́lì gbígbóná àti ólífì olómi ti jáde. Bí Cala Montjoi bá jẹ́ àárín ìlú tí èrò kì í tán, mi ò rò pé a máa gbọ́ orúkọ wọn.

Ìyá_Ọlọ́bẹ̀
Bàbá Ṣíbí, ẹ kú ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó. Mo gbọ́ pé igba àti àádọ́ta yúrò ni wọ́n ń gbà lórí ẹnì kan kí wọ́n tó tì í. Fún ìfófó! Ọṣẹ ìfọṣọ náà ń hó.

Bàbá_Ṣíbí
Haha, Ìyá Ọlọ́bẹ̀, ẹnu yín ò ní dá. Bẹ́ẹ̀ ni, owó náà tó nǹkan bíi 250 yúrò ní àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nǹkan bí àádọ́ta àlejò ni wọ́n ń gbà lálẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́, torí láti 2001 wọn ò ta oúnjẹ ọ̀sán mọ́. Àlejò ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni wọ́n ń gbà ní sáà kan. 8,000 lọ́nà 250, mílíọ̀nù méjì yúrò nìyẹn. Ẹ yọ owó òṣìṣẹ́ kúrò, ẹ yọ owó edé àti ẹja, ẹ yọ owó ibi ìdánwò Barcelona tó ń jẹun lọ́dọọdún láìta nǹkan kan. Kò kù. Ìwé títà, ìmọ̀ràn fún àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ, àti orúkọ Adrià fúnra rẹ̀ ló ń gbé ilé náà dúró.

Àwọn alásè tó wà nínú yàrá ìdáná yẹn ju ogójì lọ, ẹ sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wọ́n: ibùsùn àti oúnjẹ ni wọ́n ń fún wọn, wọn kì í san owó oṣù. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣí irú ilé yẹn, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ta ni yóò máa fi ọwọ́ bó ẹ̀pà páìnì tútù lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ dọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́.

Kòkò_Irin
Àwọn tó ń fẹ́ àyè ńkọ́? Wọ́n ní mílíọ̀nù méjì èèyàn ló ń bèèrè.

Alásè_Peckham
Iye táwọn oníròyìn ń kọ nìyẹn, mílíọ̀nù méjì ìbéèrè fún àyè 8,000. Ẹnì kan nínú igba àti àádọ́ta. Ìwé ìrìnnà gan-an rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Onímọ̀_Kẹ́mí
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ólífì, torí ìbéèrè Àdùkẹ́ gan-an nìyẹn, a sì ti ń rìn jìnnà.

Nǹkan méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: alginate, ìyẹn lúbúlúbú tí wọ́n ń yọ lára koríko òkun, àti calcium. Ẹ fojú inú wo alginate bí òwú gígùn tó ń léfòó nínú omi, tí ọ̀kan ò so mọ́ èkejì. Bí calcium bá kàn wọ́n, ńṣe ló máa ń di òwú méjì méjì mú. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni omi ti ń dì, á sì di awọ. Kò nílò iná, kò nílò òtútù. Kì í ṣe elBulli ló wá a rí o. Láàárín ọdún 1940 sí 1949 ni wọ́n ti gba ìwé àṣẹ lórí bí a ṣe ń fi alginate ṣe ṣẹ́rì àtọwọ́dá. Ohun tí àwọn ará Cala Montjoi ṣe ní 2003 ni pé wọ́n mú un wọ inú yàrá ìdáná, wọ́n sì fi í pa omi mọ́ sínú awọ tín-ínrín.

Ọ̀nà méjì ló wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ọ̀nà kìíní, ti 2003: alginate wà nínú ohun tí a fẹ́ jẹ, calcium wà nínú omi ìwẹ̀. Ẹyin ẹja tí wọ́n fi mẹ́lọ́ọ̀nù ṣe ni àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù. Ẹ lo omi mẹ́lọ́ọ̀nù gíráàmù 250 pẹ̀lú alginate gíráàmù 2. Omi ìwẹ̀ jẹ́ gíráàmù 500 pẹ̀lú calcium chloride gíráàmù 2.5. Síríńjì lẹ máa fi kán an sínú ìwẹ̀, á wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fi asẹ́ kó o, ẹ ṣàn án nínú omi tútù mímọ́. Àléébù rẹ̀: calcium tó ti wọ awọ yẹn kì í dúró. Á máa wọlé lọ síwájú sí i, nítorí alginate ṣì wà nínú níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dì gan bí ẹ̀kọ, kò sí omi kankan nínú mọ́. Nítorí náà, kíákíá ni kó ti ìwẹ̀ dé ẹnu.

Ọ̀nà kejì, ti 2005, ni ti ólífì. Wọ́n yí i po: calcium wọ inú ólífì, alginate wà nínú ìwẹ̀. Awọ á máa hù sóde, kò ní wọlé. Tí ẹ bá ti ṣàn án kúrò nínú alginate, ó parí. Inú á wà ní omi dọ̀la, dọ̀tunla.

Àdùkẹ́_Ìdáná
Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun gan-an. Ó wá yé mi ìdí tí «ẹyin ẹja» fi ń di rọ́bà lẹ́nu bó bá pẹ́. Iye ti ólífì ńkọ́, ẹ jọ̀ọ́?

Onímọ̀_Kẹ́mí
Bó ṣe rí nínú ìlànà elBulli nìyí.

Ólífì tútù oníyọ̀, irú tí wọ́n ń pè ní Verdial, gíráàmù 500. Ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ fún un bí ẹni fún ògì, omi rẹ̀ la fẹ́. Ẹ wọn gíráàmù 200 nínú omi yẹn. Ẹ po calcium chloride gíráàmù 1.25 mọ́ ọn. Ẹ wá wọ́n xanthan gíráàmù 0.75 lé e lórí díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi bléńdà olọ́wọ́ lọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe ń wọ́n ọn. Xanthan ló ń mú un ki. Ẹ gbé e sí fíríìjì mọ́jú kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde.

Ìwẹ̀: omi lítà kan ààbọ̀, alginate gíráàmù 7.5. Ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ẹ lọ̀ ọ́ títí kò fi ní kókó, ẹ gbé òun náà sí fíríìjì mọ́jú. Á kọ́kọ́ funfun bí omi ọṣẹ. Tó bá mọ́ gaara lọ́jọ́ kejì, ó ti ṣe tán.

Ẹ mú ṣíbí oníkòtò tó gba mílílítà 5. Ẹ bù ú kún, ẹ fi ìdí ṣíbí kan ojú ìwẹ̀, ẹ wá yí i dànù jẹ́ẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìṣẹ́jú méjì. Wọn ò gbọdọ̀ fara kan ara wọn nínú ìwẹ̀, torí wọ́n á lẹ̀ pọ̀, ẹ ò sì ní rí wọn yà láìbẹ́. Ẹ fi ṣíbí oníhò kó wọn, ẹ ṣàn wọ́n nínú omi tútù.

Lẹ́yìn náà, òróró ólífì tí wọ́n ti fi aáyù, èèpo ọsàn, èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù, thyme, rosemary àti ata dúdú oníkóró sí. Inú rẹ̀ ni wọ́n á rẹ ólífì náà sí, ó kéré tán wákàtí 12 nínú fíríìjì. Inú ìgò náà ni wọ́n fi ń gbé e wá sórí tábìlì, òṣìṣẹ́ á fi ṣíbí oníhò bù ú sórí ṣíbí àlejò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò ní gé e jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa jù ú sẹ́nu. Ẹ fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu, awọ á já, adùn ólífì á sì ya bo ahọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọmọ_Ìdí_Ààrò
Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó máa ń bà á jẹ́ kún un, torí ibẹ̀ ni wàhálà wà ju ìlànà lọ.

Omi. Omi kànga tó le, tó ń fi ẹfun sí ìdí kẹ́tùlù, calcium ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá po alginate sínú rẹ̀, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì kí ẹ tó gbé ólífì dé ibẹ̀, ìwẹ̀ á fà bí ilá. Ẹ lo omi tí wọ́n ti yọ gbogbo èròjà inú rẹ̀ kúrò, tàbí omi inú ike tí iye calcium tó wà lára rẹ̀ kéré.

Kókó. Alginate kì í fẹ́ kí a dà á lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá rọ́ ọ lu omi bí ẹni ń ro àmàlà, ìta lúbúlúbú á rin, inú á gbẹ. Ẹ wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ kí bléńdà máa yí.

Òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìyẹ̀fun kò lè ka gíráàmù 0.75. Á ní òfo ni tàbí gíráàmù kan. Ẹ ra èyí tó ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù, irú ti àwọn oníwúrà.

Ìrísí. Bó bá ní ìrù bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, ó ṣàn jù, xanthan ò tó, tàbí ibi tí ẹ ti ń dà á ga jù. Bó bá léfòó tí orí rẹ̀ ò ní awọ, ó fúyẹ́ ju ìwẹ̀ lọ, tàbí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ṣíbí da ìwẹ̀ lé e lórí díẹ̀. Bó bá tẹ́ pẹlẹbẹ, ìwẹ̀ náà ló ki jù, kò lè wọlé.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n: ẹ da omi oní-calcium yẹn sínú àwo sílíkónì oníkòtò kéékèèké, ẹ mú un dì nínú fírísà, ẹ wá jù ú sínú ìwẹ̀ bó ṣe dì yẹn. Ìwẹ̀ ní láti lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí bí yìnyín bá mú un tutù jù, awọ á pẹ́ kó tó hù. Ẹ tún rántí pé awọ á nípọn ju ti ṣíbí lọ.

Àdùkẹ́_Ìdáná
Ọlọ́run á bùkún yín. Ìbéèrè kan ló kù: zobo ńkọ́? Ó wù mí kí zobo bẹ́ lẹ́nu báyìí.

Onímọ̀_Kẹ́mí
Má fi zobo ṣe ọ̀nà kìíní. Zobo kan jù. pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n kíkan: bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó) kì í sábà kọjá 3, bẹ́ẹ̀ alginate kì í yọ́ dáadáa nínú ohun tó kan kọjá nǹkan bí 4 wá sílẹ̀. Á di kókó bí ẹyin tó pín. Àwọn kan máa ń fi sodium citrate pa kíkan rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n wo ohun tó máa ná ọ: kíkan tó jẹ́ ẹwà zobo á lọ, àwọ̀ pupa rẹ̀ á sì máa ya sí àwọ̀ àlùkò.

Ọ̀nà kejì ni kí o gbà. Zobo tútù tí a ti sẹ́ dáadáa gíráàmù 500, calcium lactate gluconate gíráàmù 10, xanthan gíráàmù 1.5. Má lo calcium chloride fún zobo. Kíkorò rẹ̀ burú, iyọ̀ àti kíkorò ólífì ló ń bò ó mọ́lẹ̀ nínú ti elBulli. Nínú zobo kò sí ohun tó máa bò ó.

Yógọ́ọ̀tì ò tiẹ̀ nílò calcium kankan, ó ti ní tirẹ̀ láti inú wàrà. Bù ú sínú ìwẹ̀ alginate bẹ́ẹ̀, awọ á hù.

Ìyá_Ọlọ́bẹ̀
Ó dáa, mo ti gbọ́ ti ólífì. Ìfófó tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ju ọṣẹ lọ.

Bàbá_Ṣíbí
Ó jù ú lọ dáadáa, mà. Ẹ̀wà funfun ni wọ́n fi ṣe èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1994, pẹ̀lú òòrẹ̀ òkun. Ẹ̀wà, Ìyá Ọlọ́bẹ̀! Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí adùn ẹ̀wà fúyẹ́ láìsí ẹyin àti mílíìkì tó máa ń bo adùn mọ́lẹ̀ nínú ohun tí àwọn ará Faransé ń pè ní mousse.

Ìgò onírin tí wọ́n fi ń fún kírímù lára kéèkì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ìgò ìdajì lítà, katiríìjì gáàsì N2O kan tó wọn gíráàmù 8. Ìgò lítà kan, katiríìjì méjì. Ẹ má lo gáàsì inú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó ń mú oúnjẹ kan lẹ́nu.

Ẹ se ẹ̀wà kó rọ̀ pátápátá, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi rẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì nínú asẹ́ tó dí. Mo tún un wí, lẹ́ẹ̀mejì. Èèpo ẹ̀wà kan ṣoṣo tó bá há sí imú ìgò, iṣẹ́ bàjẹ́. Síítáàṣì inú ẹ̀wà ń gbé ìfófó dúró fúnra rẹ̀. Ohun tó bá ṣàn bí omi èso ló nílò gelatin, nǹkan bí ewé mẹ́ta oníwọ̀n gíráàmù 2 fún gíráàmù 500. Ẹ dà á sínú ìgò, ẹ má kọjá àmì, ẹ dé e, ẹ fi gáàsì sí i, ẹ mì ín, ẹ gbé e sí fíríìjì fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fún un, ẹ da orí rẹ̀ kodò pátápátá. Bí ẹ bá gbé e dúró lóòró, gáàsì nìkan ló máa jáde, oúnjẹ á jókòó sísàlẹ̀ tí kò ní ohun tó máa tì í mọ́. Bí imú ìgò bá dí, ẹ má ṣí ìdérí. Ẹ kọ́kọ́ tẹ gbogbo gáàsì jáde títí ẹ ò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Ìdérí irin tó fò ti fọ́ ojú àwọn èèyàn rí.

Ìyá_Ọlọ́bẹ̀
Ẹ̀wà lásán ni wọ́n ń ta fún òyìnbó. Mo ti gbà.

Kòkò_Irin
Tí èèyàn bá dé Roses lónìí, tí ebi ń pa á, tó sì fẹ́ jẹ irú oúnjẹ yẹn, kò sí níbì kankan mọ́?

Alásè_Peckham
Ó wà. Àwọn mẹ́ta tó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún Ferran nínú yàrá ìdáná yẹn, Oriol Castro, Eduard Xatruch àti Mateu Casañas, ṣí Compartir sí Cadaqués ní 2012. Cadaqués ò jìnnà sí Roses, òkè Cap de Creus ló wà láàárín. Àwo tí a jọ ń pín jẹ ni tiwọn níbẹ̀, kò le koko bí ti elBulli, bàtà etíkun ò sì ní lé ẹ jáde. Àwọn mẹ́ta náà ló ṣí Disfrutar sí Barcelona ní 2014. Ó gba ìràwọ̀ kẹta ní ìparí 2023, wọ́n sì tún fi ṣe àkọ́kọ́ nínú àádọ́ta ilé oúnjẹ tó dára jù lágbàáyé ní 2024. Àyè rẹ̀ ń tán ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, ẹ wo ìkànnì wọn kí ẹ tó ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú.

Ní Roses gan-an, ẹ béèrè edé pupa ibẹ̀. Orí páànù irin pẹlẹbẹ tó gbóná gidi ni wọ́n ń yan án sí, iyọ̀ òkun nìkan, ìṣẹ́jú kan lápá kan, ìṣẹ́jú kan lápá kejì. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹran rẹ̀ á gan. Ẹ fa orí rẹ̀ mu. Ibẹ̀ ni adùn wà, bíi ti edé tiwa.

Ọmọ_Ìdí_Ààrò
Àdùkẹ́, kí n má gbàgbé: ìwẹ̀ alginate tí o bá lò tán, má dà á sí ojú sínkì. Bó bá pàdé omi tó ní calcium nínú páìpù, ibẹ̀ ló máa dì sí. Ṣá a jọ sínú ọ̀rá, kí o jù ú sínú ààtàn.

Àdùkẹ́_Ìdáná
Ha! Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Calcium lactate gluconate yẹn, ṣé calcium lactate lásán lè rọ́pò rẹ̀? Òun ni mo rí lọ́jà.

Onímọ̀_Kẹ́mí
Ó lè rọ́pò rẹ̀. Calcium inú rẹ̀ tiẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ju ti èkejì lọ, nítorí náà bẹ̀rẹ̀ láti gíráàmù 8 fún zobo 500 yẹn. Kì í tètè yọ́ nínú ohun tútù, po ó mọ́ zobo nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí o tó fi xanthan sí i. Ṣe ẹyọ mẹ́ta péré wò ná. Tí awọ rẹ̀ bá ń ya nígbà tí o bá gbé e, fi ìṣẹ́jú ààbọ̀ kún àkókò rẹ̀ nínú ìwẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan òṣùwọ̀n.